Ta Ló Ni Ọjà Tí Ẹ Ń Rà? Bí A Ṣe Ń Mọ Okòwò Ọmọ Gánà, Àti Bí A Ṣe Ń Tì Í Lẹ́yìn Nílé Àti Lókè Òkun

Bí ènìyàn bá wọ ilé ìtajà kan ní Accra lónìí, tí ó sì ní i lọ́kàn pé ohun tí ọmọ Gánà ṣe ni òun fẹ́ rà, ó rọrùn púpọ̀ kí ó ṣi ọjà mú. Àwọ̀ pupa, àwọ̀ wúrà àti àwọ̀ ewé pẹ̀lú ìràwọ̀ dúdú wà lára ọ̀pọ̀ ọjà tó ti Ṣáínà wá. Òwe Akan wà lára aṣọ tí ilé iṣẹ́ Òyìnbó ń tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ tó dún bí ti Òyìnbó lè jẹ́ ti ọmọ bíbí Kumasi. Orúkọ ní í ro ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò tó láti fi mọ ẹni tó ni ọjà.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn. Báwo ni a ṣe ń mọ okòwò tó jẹ́ ti ọmọ Gánà ní tòótọ́? Ọ̀nà wo ni a fi ń ràn án lọ́wọ́ kí ó lè dúró, láì sọ ìfẹ́ ọmọ onílẹ̀ di ìkórìíra àjèjì?

Òǹkàwé lè béèrè pé kí ló kan Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ Gánà. Ó kàn wá gan-an ni. Kí Gánà tó gba òmìnira ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹjígbò, Ìnísà, Ọ̀fà àti Ìlọrin ti ń ná ọjà ibẹ̀, láti Accra títí dé Tamale. Ọṣẹ dúdú tí àwọn obìnrin wa ń sè, "alata samina" ni Akan ń pè é, nítorí pé "Alata" ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn tó wá láti ìhà ọ̀dọ̀ wa. Àwọn kan so orúkọ náà mọ́ àwọn aláta wa, àwọn mìíràn so ó mọ́ ìlú Allada ní ilẹ̀ Benin. Alájọ tó ń gba owó kiri lọ́dọ̀ àwọn ìyá ọlọ́jà ní Makola, "susu" ni wọ́n ń pe iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló sì gbà pé láti inú èsúsú wa ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ aládùúgbò tí a kàn ń yọjú wò lójú fèrèsé ni a ń sọ yìí.

Agbára tó wà lọ́wọ́ òǹrajà

Àwọn ọmọ Gánà mọ̀ tipẹ́ pé owó tí a ná, àti èyí tí a kọ̀ láti ná, lè yí ìlú padà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1937, nígbà tí orílẹ̀-èdè náà ṣì ń jẹ́ Gold Coast, àwọn àgbẹ̀ kòkó kọ̀ láti ta kòkó fún àwọn ilé iṣẹ́ Òyìnbó tó ti fohùn ṣọ̀kan lórí iye tí wọn yóò máa san. Títí di oṣù kẹrin ọdún 1938 ni wọ́n fi di kòkó mú, tí wọ́n sì dín ọjà rírà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ náà kù.

Ní oṣù kìíní ọdún 1948, Nii Kwabena Bonne, tí í ṣe olóyè Osu Alata ní Accra, pe àwọn ènìyàn jọ pé kí wọ́n má ra aṣọ àti àwọn ọjà mìíràn tí àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè ti fi owó gegere lé. Nǹkan bí oṣù kan ni wọ́n fi pa ọjà náà tì. Nígbà tó yá, àwọn ilé iṣẹ́ náà gbà láti dín èrè tí wọ́n ń gbé lé ọjà kù láti ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún sí ìdá 50. Ọjọ́ 28 oṣù kejì tí àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ọlọ́pàá yìnbọn lu àwọn jagunjagun àná tí wọ́n ń wọ́de lọ sí Christiansborg, tí mẹ́ta nínú wọn kú. Rògbòdìyàn tó tẹ̀ lé e wà lára ohun tó mú òmìnira ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1957 yá. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ owó orí aṣọ di ọ̀rọ̀ ìjọba!

Ta ló ni í ní tòótọ́?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pa ohun mẹ́ta pọ̀ nígbà tí wọ́n bá ní "ọjà Gánà". Èkíní ni ibi tí wọ́n ti ṣe ọjà náà. Èkejì ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹni tó ń kó èrè rẹ̀ lọ sílé. Bí a kò bá ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, a ó máa tan ara wa jẹ.

Ẹ mú aṣọ GTP fún àpẹẹrẹ. Tema ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ Gánà ló sì ń ṣe é, ṣùgbọ́n abẹ́ Vlisco tí orírun rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Holland ni ilé iṣẹ́ náà wà. Ẹ mú Fan Milk, tí ọmọdé Ìbàdàn àti ọmọdé Accra jọ ń sáré tẹ̀ lé oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Denmark kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Gánà lọ́dún 1960, ó sì ti bọ́ sọ́wọ́ Danone ti ilẹ̀ Faransé. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé a ra èyíkéyìí nínú wọn, nítorí pé wọ́n fún ọ̀pọ̀ ènìyàn níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí èrè náà dúró sí Gánà gbọ́dọ̀ wo ibòmíràn.

Ibòmíràn náà sì wà. Ọdún 1989 ni Kwabena Adjei dá Kasapreko sílẹ̀ ní Accra, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe Alomo Bitters tí kò ṣàjèjì ní àwọn ibùdókọ̀ Èkó. Kwadwo Safo ló dá Kantanka sílẹ̀, tó ń to ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pọ̀ ní Gánà. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò méjì, Kimberly àti Priscilla Addison, bẹ̀rẹ̀ '57 Chocolate lọ́dún 2016, wọ́n sì fi ọdún òmìnira sọ ọ́ lórúkọ. Iṣẹ́ ti àwọn wọ̀nyí ní ìtumọ̀ pàtàkì, nítorí pé láti ìgbà tí Tetteh Quarshie ti mú èso kòkó wá láti Fernando Po lọ́dún 1879, kòkó ni ìlú náà ń tà, ṣokoléètì ni ó sì ń rà padà.

A tún gbọ́dọ̀ rántí pé ẹni tó ni okòwò lónìí lè má jẹ́ ẹni tí yóò ni í lọ́la. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kòkó Gánà, Kuapa Kokoo, wà lára àwọn tó ni ilé iṣẹ́ Divine tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ṣokoléètì ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1998. Ìpín wọn tilẹ̀ tó ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà kan. Ní ọdún 2020, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Jámánì kan gba ìpín tó pọ̀ jù, ti àwọn àgbẹ̀ sì dín kù. Orúkọ kò yí padà, ìwé àká ló yí padà.

Bí a ṣe ń wá a nílé

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ìwé ìjọba. Òfin ilé iṣẹ́ tí Gánà ṣe lọ́dún 2019 dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún ìforúkọsílẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́, ó sì pàṣẹ pé kí gbogbo ilé iṣẹ́ sọ orúkọ àwọn ènìyàn ẹlẹ́ran ara tí èrè ń bọ́ sí lápò, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ mìíràn tó fi bojú nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àdéhùn ńlá, ibẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ Gánà, AGI, tó ti wà láti ọdún 1958, àti àjọ GEA tó ń mójú tó àwọn okòwò kéékèèké, náà lè tọ́ ènìyàn sọ́nà. Nọ́ńbà àjọ FDA tó wà lára oúnjẹ àti oògùn wúlò pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ni pé wọ́n ti forúkọ ọjà náà sílẹ̀. Kò sọ pé ọmọ Gánà ló ni í.

Ọ̀nà kejì ni pé kí a lọ sí orísun. Bonwire àti Adanwomase ni ilé kente Asante, Agbozume ni ti àwọn Ewe. Ntonso ni aṣọ adinkra, Ahwiaa ni iṣẹ́ ọnà igi, ilẹ̀ Krobo ni ìlẹ̀kẹ̀, Bolgatanga ni apẹ̀rẹ̀ koríko, Tamale àti àyíká rẹ̀ sì ni òrí. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ ní Kumasi, Suame Magazine ni yóò gbà lọ. Ẹni tó ń wá ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Accra, Abossey Okai ni.

Ẹni tó bá mọ aṣọ òkè Ìsẹ́yìn kò ní í pẹ́ mọ kente gidi. Pẹẹrẹ ni wọ́n ń hun ún, wọn a sì gán wọn pọ̀. Nítorí náà, ẹ wá ojú gígán náà, kí ẹ sì yí aṣọ náà padà. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣì, tí iwájú nìkan sì dán, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, òfì kọ́ ló hun ún. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, UNESCO fi iṣẹ́ híhun kente kún àwọn ogún àṣà tí ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ògo ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n ògo kì í ra òwú fún ahunṣọ. Òǹrajà ló ń rà á.

Ọ̀nà kẹta ni fóònù. Láti ọdún 2017 ni ètò GhanaPostGPS ti fún ibi gbogbo ní àdírẹ́sì tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé télọ̀ tó wà ní kọ̀rọ̀ tí kò ní orúkọ òpópónà lè júwe ara rẹ̀ fún àlejò. Owó orí fóònù, tí wọ́n ń pè ní MoMo, ti wọ gbogbo ìlú. Láti ọdún 2018 ni ó sì ti ṣeé ṣe láti fi í ránṣẹ́ láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí èkejì. Kí owó tó lọ, orúkọ ẹni tí yóò gbà á máa ń hàn. Ẹ ka orúkọ náà dáadáa. Bí ó bá yàtọ̀ sí ti ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ọlọ́jà, ẹ dá ọwọ́ dúró, kí ẹ béèrè.

Bí a ṣe ń wá a lókè òkun

Níbi tí àwọn ọmọ Gánà bá ti pọ̀ ni okòwò wọn ti ń pọ̀: Tottenham àti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, apá gúúsù ìlà-oòrùn Amsterdam, Hamburg, agbègbè Bronx ní New York, àti Worcester ní Massachusetts. Orúkọ ara ìsọ̀ máa ń tọ́ni sọ́nà. "Adom" ni oore-ọ̀fẹ́, "Nhyira" ni ìbùkún. Kofi ni ọkùnrin tí a bí ní ọjọ́ Ẹtì, Ama sì ni obìnrin tí a bí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí wọ́n bá ń ta kenkey, shito àti waakye tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè, ó súnmọ́ kí ó jẹ́ tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Éṣíà àti àwa Yorùbá náà ń ta ọjà Gánà.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ okòwò tó dára jù kò ní ìsọ̀ rárá. Obìnrin tó ń se oúnjẹ àríyá nínú ilé rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ya fọ́tò, ẹni tó ń kó ẹrù ránṣẹ́ sí Tema: inú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti ibi ìsìnkú ni wọ́n ti ń rí wọn. Ẹni tó bá lọ síbi òkú àgbà àwọn ọmọ Gánà lókè òkun rí aṣọ, oúnjẹ, orin àti ìwé ètò, lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ni oníṣòwò kan wà. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìtìlẹ́yìn tó ní ìtumọ̀

Ìtìlẹ́yìn kì í ṣe àánú. Ohun tí oníṣòwò ń fẹ́ ni kí a ra ọjà, kí a san owó, kí a sì padà wá. Ìyà tó ń jẹ àwọn okòwò kéékèèké, ọwọ́ àwọn ojúlùmọ̀ wọn gan-an ló ti ń wá: "Ará ilé ni wá, ṣe é ní ti ará ilé." Ilé ìtajà ńlá kan ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọjà ni a ń san. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ni a ń bẹ̀ jù pé kó dín owó kù? Ẹni tó bá gba ọjà ní àwìn lọ́wọ́ ìyá alátẹ ti jókòó lórí owó tí ìyá náà fẹ́ fi ra ọjà ọ̀la.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí rírà náà máa ṣe déédéé. Láti ọdún 2019 tí Gánà pe àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé wálé, oṣù kejìlá ni Accra máa ń kún. Àwọn onílé oúnjẹ, onídìrí àti télọ̀ a máa rí tajé ṣe. Ṣùgbọ́n oṣù 11 yòókù ni wọ́n fi ń san owó ìsọ̀. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó bá fẹ́ ran ọmọ ìdílé rẹ̀ lọ́wọ́ lè ní kí télọ̀ ìlú rẹ̀ rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́ fún wọn, dípò kí ó ra aṣọ lókè òkun kí ó kó o sínú dúrọ́ọ̀mù. Owó kan náà ni, ṣùgbọ́n ènìyàn méjì ló jẹ nínú èkíní. Iléeṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ náà lè ṣe tiwọn. Ní ọdún 2004 ni ìjọba John Kufuor bẹ̀rẹ̀ ètò wíwọ aṣọ ilẹ̀ Gánà lọ́jọọjọ́ Ẹtì, èyí tó fún ọ̀pọ̀ télọ̀ níṣẹ́.

Ẹ̀kẹta, bí ọjà bá ní àbùkù, ẹni tó tà á ni kí a kọ́kọ́ sọ fún, kí ó tó di ọ̀rọ̀ ìgboro. Ìfẹ́ tó bá ń bo àbùkù mọ́lẹ̀ kì í jẹ́ kí oníṣẹ́ ọwọ́ dàgbà.

Ìdí mìíràn tún wà tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi ṣeé fi ṣeré. Ìlú tó bá ń ra ìrẹsì, adìyẹ àti tòmátò láti òkèèrè gbọ́dọ̀ máa wá dọ́là kiri. Bí dọ́là bá wọ́n, owó sídì a ṣubú, ìyá tó ń ta ìrẹsì a sì fi owó lé e. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, ọ̀wọ́n gógó ọjà ní Gánà dé ìdá 54.1 nínú ọgọ́rùn-ún, gbèsè ìlú sì ti di èyí tí ìjọba kò lè san mọ́. Rírà lọ́wọ́ ọmọ ilé nìkan kò lè wo irú àrùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà lára oògùn rẹ̀.

Síbẹ̀, ká má ṣe fi agídí wọn ọjà. Àwọn tó ń ta òkìríkà ní Kantamanto, ọmọ Gánà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ òkèèrè ni wọ́n ń tà, tí àwọn ọ̀dọ́ télọ̀ ibẹ̀ sì ń tú u palẹ̀ láti fi rán ọ̀tun. Nígbà tí iná jó ọjà náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, okòwò ọmọ onílẹ̀ ló jóná.

Ààlà tí kò yẹ ká kọjá

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá kan wá jù lọ nìyí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù wọn. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí wọ́n bí sí Gánà, tí Twi yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, ló fi ìsọ̀ àti ilé sílẹ̀. Ní ọdún 1970, wọ́n ṣe òfin láti fi àwọn okòwò kan sílẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n okòwò kì í ṣe ìsọ̀ nìkan. Ìmọ̀ ibi tí ọjà ti ń wá, àwìn tí ẹni kan ń fún ẹnì kejì, àti ìgbẹ́kẹ̀lé oníbàárà ni. Ẹni tó gba ìsọ̀ kò gba àwọn wọ̀nyí. Àwọn oko kòkó pẹ̀lú pàdánù àwọn alágbàṣe wọn. Ní ọdún 1979, nígbà tí kò sí àjèjì púpọ̀ tí a lè dá lẹ́bi mọ́, àwọn ṣọ́jà wó ọjà Makola, wọ́n ní àwọn ìyá ọlọ́jà ló mú kí ọjà wọ́n. Ọmọ Gánà ni àwọn ìyá náà!

Àwa náà kò mọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ọmọ Gánà ló sì kó ẹrù, tí báàgì tí wọ́n fi kó o di "Ghana Must Go" títí dòní. Àwa náà ti ṣe òfin ọdún 1972 tó fi okòwò bí ilé dídì irun àti búrẹ́dì ṣíṣe sílẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà nìkan. A sì rí bí àwọn kan ṣe yá àjèjì ní orúkọ, tí wọ́n ń gba owó ìdákẹ́jẹ́.

Òfin ìdókòwò tí Gánà ṣe lọ́dún 2013 fi ọjà títà lórí àtẹ, ilé ìdìrí àti onígbàjámọ̀, omi inú ọ̀rá àti ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé ìwé ṣíṣe sílẹ̀ fún ọmọ ilẹ̀ náà. Ó sì béèrè mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ àjèjì tó fẹ́ máa ta ọjà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ní òfin ECOWAS ọdún 1979 fún àwọn lẹ́tọ̀ọ́ láti rìn àti láti gbé. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ti ìsọ̀ ọ̀pọ̀ wọn pa ní Kwame Nkrumah Circle ní oṣù kejìlá ọdún 2019, tí olórí ilé aṣòfin wa nígbà náà, Femi Gbajabiamila, fi lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ní Accra lọ́dún 2020. Ní oṣù keje ọdún 2025, àwọn kan tún wọ́de ní Accra pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa lọ.

Ẹni tó bá ń ra ọjà ọmọ ilé rẹ̀ ń kọ́ ilé. Ẹni tó bá ń ti ìsọ̀ ẹlòmíràn pa, ilé ló ń wó, ó sì lè jẹ́ pé ọmọ onílẹ̀ tó gba owó ilé lọ́wọ́ àjèjì náà ni ògiri yóò kọ́kọ́ wó lù. Kí òfin dúró, kí a ṣe àtúnṣe rẹ̀ lórí tábìlì, kí oníṣòwò sì máa ṣòwò. Accra kan náà ni ọ́fíìsì ètò ọjà gbogbo Áfíríkà wà, èyí tí òwò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2021. Kò ní í dára kí ìlú tó gba àlejò bẹ́ẹ̀ máa lé àlejò.

Ọ̀rọ̀ wá kù sọ́wọ́ òǹrajà. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ ná owó, yálà ní Accra, ní Peckham tàbí ní Ẹjígbò níbí, ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta: níbo ni wọ́n ti ṣe é, ta ló ṣiṣẹ́ rẹ̀, àpò ta ni èrè rẹ̀ ń lọ? Bí ìdáhùn bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ san owó náà pé, kí ẹ sì padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ọwọ́ kan kì í gbé ẹrù dórí.